Káfè Méjì Tó Kọjú Síra Wọn

"Àǹtí, ẹ sáré wá! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé kọ́!"

Ẹ̀gà ti fi imú lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé. Ní òdìkejì títì, lójú ilé tí wọ́n ti ń kan nǹkan nínú rẹ̀ láti oṣù tó kọjá, iná aláràbarà ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Lẹ́tà gàgàrà tó wà lókè ilẹ̀kùn ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé káfè tuntun ti dé, pé íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń sáré ju ẹṣin lọ, pé afẹ́fẹ́ tútù wà nínú ilé, àti pé orin kò ní í dákẹ́.

Àbúrò ìyá Ẹ̀gà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ dìde. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku kúrò láàárín bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù kan.

"Mo ti rí i," ni ó wí. "Iná náà dára. Àwa náà á máa fi ríran bí a bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́."

"Àǹtí, inú ò bí yín ni?"

"Sí ta ni? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bá mi mú àkísà yẹn wá."

Ẹ̀gà mú àkísà wá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀gà kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé ẹyẹ ẹ̀gà kì í panu mọ́, ọmọ náà kì í sì í panu mọ́ bó tilẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Ó ti wà ní kíláàsì karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Awakọ̀ akẹ́rù ni ìyá rẹ̀, ìlú dé ìlú ló ń rìn, ìdí nìyí tí ọmọ fi ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, káfè Àǹtí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà, ni Ẹ̀gà máa ń wà láti àárọ̀.

Ká má purọ́, káfè náà kì í ṣe ọmọge. Yàrá gígùn tóóró ni. Lẹ́tà ti pa rẹ́ lára àwọn kíbọ́ọ̀dù kan débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá a kiri. Àga kan wà tó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù òkè àjà sì ń mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ò tẹ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wá. Bàbá Aríwo, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń wá ní gbogbo Sátidé láti bá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Á wọ kóòtù, á so táì, á jókòó ṣánṣán níwájú kọ̀ǹpútà, á wá figbe ta bí ẹni pé agbára ohùn rẹ̀ ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kọjá òkun. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé náà kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó wá wo sítáì tuntun. Ohun tó ń fa àwọn èèyàn wọ̀nyí wá sínú yàrá tóóró yẹn, Ẹ̀gà ò bi ara rẹ̀ léèrè rí.

Kò pẹ́ tí káfè tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ sọdá, nítorí géèmù àti orin. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tẹ̀ lé wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tútù. Ọ̀gá Iná ni àdúgbò sọ ẹni tó ni ibẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gbáú, tó sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọdé kí àgbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ẹ̀gà fi ojú ara rẹ̀ rí Bàbá Aríwo pẹ̀lú táì rẹ̀ tó ń yọ́ sọdá títì, tó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ lọ jí ẹran nínú ìkòkò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí oúnjẹ, Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ̀gà, mi ò fẹ́ kó bá ọ lójijì. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí títí ilé ìwé yóò fi wọlé, mo máa ta àwọn kọ̀ǹpútà yẹn. Iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń fẹ́ mi padà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà. Wàá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà fúngbà díẹ̀."

"Ilé ìwé mi ńkọ́? Ìdánwò àṣejáde mi ńkọ́?"

"Ilé ìwé wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà."

Oúnjẹ tó wà lẹ́nu Ẹ̀gà di òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, ó pàdé àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Iná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gà! Ìwọ nìkan lo kù tí o ò tíì wá! Ibẹ̀ tutù bí ẹni pé òjò ń rọ̀!"

Kí Ẹ̀gà tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti la ẹnu.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ni?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ máa ń jí àṣírí èèyàn. Gbogbo ohun tí o bá kọ, wọ́n ń kà á lẹ́yìn rẹ. Gbogbo àwòrán rẹ, wọ́n ń kó o pamọ́. Wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin náà. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí èyí tó béèrè pé ta ni "wọ́n" náà. "Wọ́n ní" ò ní bàbá, kò ní ìyá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ehoro lọ.

Kò ju ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ tí irọ́ náà fi rìn yí àdúgbò ká, tó sì padà wá sínú káfè Àǹtí, tó ti sanra. Aránṣọ ló gbé e wọlé. Ó fẹnu mọ́ Ẹ̀gà létí.

"O ò gbọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀hún? Wọ́n ní obìnrin kan tẹ orúkọ rẹ̀ báyìí, kó tó délé, gbogbo owó rẹ̀ tó wà ní báńkì ti gbẹ!"

"Owó báńkì kẹ̀?" Ẹnu ya Ẹ̀gà gidi, nítorí òun ò fi báńkì sí i.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àwọn akọ̀wé padà. Bàbá Aríwo padà pẹ̀lú táì rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fún òun ní òtútù àyà. Ẹ̀gà ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀. Bí nǹkan kan bá gún un lọ́kàn, á sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò lu ẹnikẹ́ni, òun ò jalè, ọ̀rọ̀ lásán ni òun sọ.

Ṣùgbọ́n ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìbẹ̀rù tó lé àwọn èèyàn kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Iná ò dúró síbẹ̀, ó bá wọn sọdá títì. Akọ̀wé kan fi ọwọ́ bo kíbọ́ọ̀dù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wo Àǹtí tìfura-tìfura. Obìnrin kan ní kí Àǹtí búra pé kọ̀ǹpútà tòun kì í jalè. Bàbá Aríwo, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń mi gíláàsì, wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Má pe orúkọ rẹ o! Má sọ ibi tí o wà!"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ orúkọ mi. Ṣé ara yín yá?" ni ọmọ rẹ̀ ń béèrè láti òkè òkun.

Ẹ̀gà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn kan ò lọ sí káfè kankan mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ sáré wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí! Ilé ẹ̀kọ́ aṣọ kan ń wá àwọn aránṣọ tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ ìgbàlódé, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán aṣọ tí èèyàn rán ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú ìdáhùn sí ìbéèrè wọn. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa tì í. Mo ń dúró kí n parí aṣọ tó kẹ́yìn yìí ni. Fóònù mi ò lè ṣí ojú ìwé wọn."

"Ẹ jókòó, a máa ṣe é," ni Àǹtí wí, ó fa àga tí kò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sún mọ́ ọn.

Wọn ò tíì ṣe dé ìdajì tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi lọ. Àǹtí tú àpótí kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé wò, ó pa á, ó tàn án, ó gbá a ní ìdí bí ìkókó. Kò mí. Ó pe ẹni tó ń tún un ṣe, onítọ̀hún ní ó di ọ̀la kí òun tó lè dé.

"Kò burú," ni Àǹtí wí. "Ẹ jẹ́ ká sọdá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Iná."

Aránṣọ fò dìde bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. "Láéláé! Kí n gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ fún olè? Àwọn sítáì tí mo fi orí mi rò, tí ẹnikẹ́ni ò rán rí? Kí n tó rí i lọ́rùn ẹlòmíràn, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n má lọ rárá." Ó ń gba àwọn aṣọ rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Bóyá kì í ṣe ìpín mi ni."

Ẹ̀gà dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó lè panu mọ́. Bó bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo téèpù tó so rọ̀ lọ́rùn obìnrin náà, ó rí i bó ṣe ń ká aṣọ tó kẹ́yìn yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó sùn.

"Wọ́n ní..." Ẹ̀gà tún un bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn o."

"Ta ló ní irọ́ ni?" ni aránṣọ béèrè kíákíá.

Nígbà tí irọ́ ń lọ, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti wá. Òtítọ́ dé, wọ́n ní kó dárúkọ bàbá rẹ̀.

"Èmi ni," ni Ẹ̀gà wí. "Èmi ni mo pa irọ́ náà. Kọ̀ǹpútà wọn ò jí nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí Àǹtí ta káfè ni."

Aránṣọ dáwọ́ aṣọ tó ń ká dúró. Àǹtí wo Ẹ̀gà títí tí ọmọ náà fi wolẹ̀. Àǹtí mú báàgì rẹ̀.

"Ó yá," ni ó wí. "Gbogbo wa la ń lọ. Iṣẹ́ aránṣọ lákọ̀ọ́kọ́, tìrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọ̀gá Iná nìkan ló wà nínú káfè rẹ̀. Orin ń dún fún àwọn àga òfìfo. Nígbà tó rí wọn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ilẹ̀kùn. Íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára lóòótọ́, ojú ìwé náà ṣí bí ẹni ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n òun náà yára jù.

"Ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn. Rárá, ibẹ̀ kọ́, lápá òsì! Ẹ fà á sílẹ̀! Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kọjá!"

Aránṣọ ń làágùn nínú afẹ́fẹ́ tútù. Ìka tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láì wò ó wá ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín orin yẹn kù," ni Àǹtí wí. Ó fa àga sún mọ́ aránṣọ. "Ẹ mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ tẹ̀ tó lè bàjẹ́. Wọ́n béèrè pé kí ló mú yín rán aṣọ yìí báyìí. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún oníbàárà yín, ká jọ kọ ọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ara rẹ̀ ń balẹ̀. Ọ̀gá Iná náà fa àga, ó fi etí sílẹ̀, nígbà tó sì kan àwòrán, ó fi ọgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ mú kí àwọ̀ aṣọ wọ̀nyẹn hàn ketekete bí wọ́n ṣe rí lójú. Wọ́n fi í ránṣẹ́ kí àkókò tó tó. Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ Àǹtí, ó dì mọ́ Ọ̀gá Iná, ó wo Ẹ̀gà, ó sì jáde.

Àǹtí yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó kàn ọ́."

Ẹ̀gà kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú Ọ̀gá Iná ń pọ́n. Ó dìde, ó pa orin náà pátápátá.

"Mo rò pé orin mi ni wọn ò fẹ́ràn," ni ó wí. "Mo yí orin padà. Mo ní àga ni ò dára, mo yí àga padà. Ìyàwó mi ń bi mí pé kí ni mo ṣe fáwọn ará àdúgbò yìí. Ìwọ ọmọ kékeré yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀bẹ̀ tí o ń bẹ̀ mí yìí ò lè dá ẹnì kan padà. Àwọn tí o sọ ọ́ fún ni kí o lọ bá."

Ẹ̀gà lọ. Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn fi í rẹ́rìn-ín, èkejì ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìsinmi fi parí, nítorí òun náà ti tún irọ́ yẹn sọ fún ìyá rẹ̀. Ó lọ bá àwọn akọ̀wé, ó lọ bá Bàbá Aríwo nílé. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó pariwo pé, "Tóò! Mo kúkú ti ń fura!" bẹ́ẹ̀ ni kò fura sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ Ẹ̀gà lórúkọ tuntun, wọ́n ń pè é ní Wọ́n-ní. "Wọ́n-ní, kí ni wọ́n ní lónìí?" Á tẹrí ba, á kọjá. Ẹyin ni ohùn. Àwọn kan wà tí kò gbà pé irọ́ ni, títí dòní.

Àǹtí ò nà án. Lọ́jọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì padà, ó ní kó jókòó.

"Kí lo rò pé ó ń mú àwọn èèyàn wá síbí?"

Ẹ̀gà wo fáànù, ó wo àga tó ń fì. "Mi ò mọ̀, Àǹtí."

"Ẹni tó bá wọ ibí, ohun tí kò mọ̀ ló gbé wá. Àgbàlagbà ni, ojú ń tì í. Bí o bá fi í rẹ́rìn-ín, kò ní í padà. Bí o bá fi sùúrù kọ́ ọ, tí àṣírí rẹ̀ kò sì dé ìta, ó ti di tìrẹ nìyẹn. Ìfọkàntán wọn ni ọjà wa níbí. O mú un, o fi ṣeré."

Ẹ̀gà sunkún. Lẹ́yìn ẹkún, iṣẹ́ dé. Ó fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà tuntun sára àwọn kíbọ́ọ̀dù. Òun àti Àǹtí fi pákó pín àárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má lè wo ohun tí ẹlòmíràn ń kọ. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kan ẹsẹ̀ àga tó ń fì. Àǹtí wá fún ẹnu Ẹ̀gà níṣẹ́: láàárọ̀, kí àwọn èèyàn tó pọ̀, òun ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà àti bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀gá Iná ò tètè gbàgbé, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bá wọlé tọ̀ ọ́, á nawọ́ sí òdìkejì: "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, èmi ò ní sùúrù." Bí iṣẹ́ tó nílò íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára bá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, á ní kí wọ́n sọdá. Títì tó wà láàárín wọn di ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aṣọ mú aránṣọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ títa kọ̀ǹpútà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tí wọn ò rí rí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di fóònù mú bí ẹni tó di ẹyẹ mú.

"Ọmọ mi, wọ́n ní èèyàn lè rí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ nǹkan kan o."

"Ẹ wọlé, Màmá," ni Ẹ̀gà wí, ó ti dìde fún un. "Wọn ò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ lè kó èrò wọlé fún wa lónìí, òun náà ló máa lé wọn jáde lọ́la. Iná tó ń tàn dára, afẹ́fẹ́ tútù dára, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rọ tó yára kò wù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún èèyàn, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbé e padà sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ dára, kó tún tirẹ̀ ṣe. Kò pọn dandan kó ba ti ẹnìkejì jẹ́.